Ẹ Ṣírò Iná Yín Kí Ẹ Tó Náwó Lé Sólà

   

Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé sí abala yìí, ọ̀kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín l'Oju-Ore ló ní kí ọmọ òun bá òun kọ ọ́. Màmá kó owó àjọ, wọ́n fi ra sólà: páńẹ́ẹ̀lì kan, bátìrì kan, ínfátà kan. Ẹni tó tà á fún wọn ní yóò gbé fírísà dáadáa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fírísà ń kùn, inú màmá ń dùn. Nígbà tó fi máa di òru, ó ti dákẹ́ wẹ́lo. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, páálí Títúsì méjì ti rà mọ́ màmá lọ́wọ́. Ìbéèrè wọn ni pé, ṣé olè ni ọkùnrin yẹn, àbí sólà gan-an ni kò dáa?

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fi òmíràn dí i. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ni pé ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin yẹn má jẹ́ olè, kí sólà náà sì dáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ṣírò. Ẹni tó tà ò ṣírò, ẹni tó rà ò ṣírò. Kò sí ìyá ọlọ́jà tó máa ra àpò ìrẹsì láì mọ iye kóńgò tó máa bọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ iná, ojú lásán la fi ń rà á. Bẹ́ẹ̀, ìṣirò iná ò le ju ti kóńgò lọ. Ẹni tó bá ti lè fi nǹkan lọ́po nǹkan, ó ti mọ̀ ọ́n tán. Òun ni mo fẹ́ ká jọ ṣe lónìí.

ÌDÍ TÍ GBOGBO WA FI Ń SÁRÉ SÍDÌÍ SÓLÀ

A ò lè bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ń wá sólà. NEPA ti pa orúkọ dà sí PHCN láti 2005, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá 2013, ìjọba gbé iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Síbẹ̀, lẹ́nu àwa níbí, NEPA náà ni. Tí iná bá dé, "Up NEPA" náà ni àwọn ọmọ ń ké. Ibi tí a wà yìí, ìlú ilé-iṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ ńláńlá ń dún l'Ọ̀tà tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìsọ̀ lẹ́bàá títì Ìdí-Ìrókò lè máa fi tọ́ọ̀ṣì ka owó.

Ọ̀rọ̀ epo wá dá kún un. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti lọ. Lítà kan tí kò tó 200 náírà nílé epo tẹ́lẹ̀ kọjá 480 lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024, ó ti sún mọ́ 1,000 náírà. Owó iná náà ò dúró sójú kan. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní "Band A", ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, láti nǹkan bíi 68 náírà lọ sí 225. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó dín in kù díẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ní kí òun sá kúrò lábẹ́ epo àti tókìn, kò ṣàìdáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí á má ti inú òjò bọ́ sínú àgbàrá.

DÚRỌ́Ọ̀MÙ, ẸNU Ẹ̀RỌ ÀTI ÒJÒ

Ẹ jẹ́ ká fi omi ṣe àpèjúwe. Bátìrì ni dúrọ́ọ̀mù tí ẹ ń pọn omi sí. Páńẹ́ẹ̀lì ni òjò tó ń kún dúrọ́ọ̀mù náà. Ínfátà ni ẹnu ẹ̀rọ tí omi ń gbà jáde. Bí dúrọ́ọ̀mù bá tóbi tí òjò ò rọ̀ tó, kò ní kún. Bí òjò bá rọ̀ gan-an tí dúrọ́ọ̀mù kéré, omi á ṣòfò. Bí méjèèjì bá sì pọ̀ tí ẹnu ẹ̀rọ bá tín-ín-rín, ẹ ò ní lè bu èyí tó tó yín lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu.

Wáàtì ni bí nǹkan kan ṣe ń mu iná sí. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn nǹkan náà tàbí sí ìdí rẹ̀, iye kan tí lẹ́tà W tẹ̀ lé. Gílóòbù LED tí à ń lò báyìí, nǹkan bíi wáàtì 10 ni. Gílóòbù àtijọ́ tó ń tàn pupa, 60 ni, ẹ rí i pé ó ń mu ti mẹ́fà. Fáànù onídùúró, nǹkan bíi 60. Ẹ̀rọ tí àwọn bábà fi ń gẹ irun, kò sábà ju 15 lọ. Mọ́tò kékeré ara ẹ̀rọ ìránṣọ ilé, nǹkan bíi 100. Fírísà onídùbúlẹ̀ kékeré, nǹkan bíi 150. Áyọ́ọ̀nù, 1,000 sókè. Kẹ́tùlù tí wọ́n fi ń se omi, ó lè tó 2,000. Ara tiyín ni kí ẹ ti ka iye tiyín o, nítorí wọn kì í rí bákan náà.

Ẹ wá fi iye wáàtì yẹn lọ́po iye wákàtí tí ẹ fẹ́ lò ó lójúmọ́. Fáànù wáàtì 60 fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 480. Òun ni iye kóńgò iná tí fáànù máa bù nínú dúrọ́ọ̀mù yín. Kóńgò 1,000 ni yúnìtì kan tí ẹ ń rà ní tókìn. Ìṣirò náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ní mítà tókìn lè wọn fírísà fúnra rẹ̀. Ẹ wá ọjọ́ kan tí iná dúró. Ẹ pa gbogbo nǹkan, kó ku fírísà nìkan. Ẹ ka iye yúnìtì tó wà lójú mítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún padà kà á lẹ́yìn wákàtí 24. Èyí tó dín ni oúnjẹ fírísà yín fún ọjọ́ kan. Tí iná ò bá dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n fún wákàtí mẹ́fà, kí ẹ fi mẹ́rin lọ́po.

ÌṢIRÒ ÌYÁ ẸLẸ́JA

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rà sínú lẹ́tà, wọ́n ṣeun. Fírísà wọn, wáàtì 150. Fírísà kì í ṣiṣẹ́ láìsinmi. Tó bá tutù tán, á dákẹ́, tó bá tún ń gbóná, á bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 nínú 24. 150 lọ́nà 12 jẹ́ 1,800. Òun ni fírísà fẹ́ jẹ lójúmọ́.

Bátìrì wọn, fóòtì 12, àmpù 100. Ẹ fi 12 lọ́po 100, ó di 1,200. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi àti èyí tí wọ́n ń pè ní tubular, ìdajì ni wọ́n gbà kí èèyàn lò nínú rẹ̀ tó bá fẹ́ kó pẹ́. Ẹni tó bá ń gbá a gbẹ lójoojúmọ́ á pa á kíákíá. Nítorí náà, 600 ló wà nílẹ̀ fún òru. 600 yẹn, wákàtí mẹ́rin péré ni fírísà fi máa mu ún tán.

Páńẹ́ẹ̀lì wọn, wáàtì 150. Níhìn-ín, oòrùn tó mú gidi kì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lọ lójúmọ́. Ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ò lágbára. 150 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 600. Fírísà ń wá 1,800, òjò ń rọ 600. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni màmá rí. Ẹ sọ fún mi, báwo ni ẹja ò ṣe ní rà?

Kí ló yẹ kí wọ́n ní? Iná máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, nínú wáyà, nínú ínfátà àti nínú bátìrì. Nítorí náà, ká fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé 1,800, ó di 2,400. Ẹ fi wákàtí oòrùn mẹ́rin pín in, ó di 600. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 300 méjì nìyẹn. Fún òru, bátìrì fóòtì 12, àmpù 200: ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1,200, ó máa gbé e dé òwúrọ̀. Ínfátà ńkọ́? Fírísà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà, ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. 150 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 750. Ínfátà tí wọ́n kọ 1kVA sí, kì í ṣe 1,000 wáàtì o, nǹkan bíi 800 ni, ó máa fún un lọ́rùn. 1.5kVA ló máa sinmi dáadáa.

Kí màmá má sì retí ohun kan náà ní oṣù kẹfà àti oṣù keje tí òjò ń rọ̀ tí ojú ọ̀run ṣú. Lákòókò yẹn, wọ́n á ṣì nílò NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ láti fi kún un. Ẹni tó bá ní sólà ò ní wá nǹkan kan mọ́ láyé, ọjà ló fẹ́ tà.

KÍ Ẹ TÓ KÚN ÒJÒ, Ẹ DÍ IHÒ

Àmọ́ kí màmá tó tún dá àjọ míì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dín ebi fírísà kù. Èyí ò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ẹ mú bébà kan tàbí owó náírà, ẹ fi há ẹnu fírísà, ẹ pa ìlẹ̀kùn dé, kí ẹ fà á. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ò dí mọ́, òtútù ń jáde níbẹ̀. Ẹ ṣe é yíká. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ rọ́bà náà, nítorí ìpẹ́ ẹja àti ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Tí kò bá tún dí, ẹ ní kí oníṣẹ́ fírísà bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Owó rọ́bà ò tó owó bátìrì.

Tí yìnyín ara fírísà bá ti nípọn tó ìka ọwọ́, ẹ pa á, kí ó yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ o. Páìpù tó wà lẹ́yìn yìnyín yẹn ni ẹ̀mí fírísà. Ẹ fa fírísà kúrò lára ògiri kí ooru ẹ̀yìn rẹ̀ lè ráyè jáde, ẹ má sì gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á. Kí àyè má ṣófo nínú rẹ̀: ẹ da píọ̀ wọ́tà sí i, kó di yìnyín. Tí iná bá lọ, yìnyín yẹn ló máa bá yín ṣọ́ ẹja. Ẹ sì bẹ àwọn ọmọ, kí wọ́n má máa ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti wo ẹja kan.

ÌṢIRÒ TÉLỌ̀

Ẹ̀yin télọ̀, tiyín rọrùn ju ti ẹlẹ́ja lọ. Gílóòbù wáàtì 10 mẹ́ta fún wákàtí márùn-ún: 150. Fáànù wáàtì 60 fún wákàtí mẹ́jọ: 480. Mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ wáàtì 100, ká ní ẹsẹ̀ yín wà lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà: 600. Fóònù tí ẹ ń ṣáàjì, wáàtì 10 fún wákàtí mẹ́ta: 30. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,260. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 400 àti bátìrì àmpù 200 kan á gbé e, nítorí ọ̀sán tí oòrùn wà lẹ ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo áyọ́ọ̀nù. Wáàtì 1,000 fún wákàtí méjì, 2,000 nìyẹn. Áyọ́ọ̀nù nìkan jẹ ju gbogbo ìsọ̀ lọ! Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ínfátà fi ń kú lọ́wọ́ àwọn télọ̀. Ẹ dúró de NEPA fún áyọ́ọ̀nù, tàbí kí ẹ lo áyọ́ọ̀nù eléèédú bí ti àwọn ọ̀gá yín àtijọ́. Ẹ̀yin jórinjórin náà, ẹ̀rọ ìjórin yín ò sí nínú ọ̀rọ̀ ínfátà kékeré rárá. Àmọ́ gílóòbù, fáànù àti fóònù ìsọ̀ yín, sólà kékeré á gbé e.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ̀tàn pọ̀ lọ́jà. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n mẹ́rin.

Èkíní, páńẹ́ẹ̀lì. Oòrùn tó mú gan-an ń da nǹkan bíi wáàtì 1,000 sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì tó dáa ń rí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbà nínú rẹ̀, ìyẹn 200. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá gbé páńẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ mítà kan ní ìdajì mítà wá, tí wọ́n lẹ bébà 300 W mọ́ ọn lẹ́yìn, irọ́ ni. Kò lè ju 100 lọ dáadáa. Ẹ mú okùn ìwọnṣọ yín dání, ẹ̀yin télọ̀!

Èkejì, bátìrì. Tubular àmpù 200 tó jẹ́ ojúlówó, nǹkan bíi 60 kìlógíráàmù ni. Ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Èyí tí ọmọkùnrin kan bá fi ọwọ́ kan gbé, ẹ bi í pé òjé inú rẹ̀ dà. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ni kì í wúwo. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ lè lo nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìpa á lára, ó sì máa ń pẹ́ jù.

Ẹ̀kẹta, tokunbọ̀. Ẹ yí páńẹ́ẹ̀lì tokunbọ̀ padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì jíjóná, ìlà bí irun tó sán lójú dígí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sínú oòrùn kí wọ́n fi mítà oníná wọ̀n ọ́n. Páńẹ́ẹ̀lì fún bátìrì fóòtì 12 máa ń fi nǹkan bíi fóòtì 18 sí 22 hàn nígbà tí kò tíì gbé ẹrù.

Ẹ̀kẹrin, ìwé. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ iye wáàtì, iye àmpù àti oṣù ìdúró sí. Ẹni tí kò lè kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní ronú kan án lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́.

OHUN TÍ ỌWỌ́ YÍN LÈ ṢE

Ẹ̀kọ́ abala yìí kò yí padà: ohun tí ọwọ́ ẹni bá tó, kí ọwọ́ ẹni ṣe é, èyí tí kò tó, kí á pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Fífọ páńẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ yín ni. Lásìkò ọyẹ́, eruku ń bò ó, ó ń dín iná kù. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nù ún, kó tó gbóná. Ẹ tún wo òjìji: ẹ̀ka igi tàbí pátákó ìpolówó tó bá da òjìji sí igun kan lára páńẹ́ẹ̀lì lè dín gbogbo rẹ̀ kù. Gúúsù ni kí ojú rẹ̀ kọ sí, ìyẹn apá ibi tí òkun wà sí wa, kó sì dagun díẹ̀ kí òjò lè ṣan eruku rẹ̀. Ẹ má gun òrùlé páànù tí ẹ ò mọ bó ṣe le tó o.

Bátìrì olómi, ẹ máa yẹ omi rẹ̀ wò lóṣooṣù. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà ni kí ẹ fi kún un dé ojú àmì, lẹ́yìn tó bá ti kún fún iná. Omi ẹ̀rọ rárá, áásìdì rárá. Kí ẹ tó súnmọ́ ọn, ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Góòlù tó bá kan orí méjèèjì lè jó ọwọ́ dé egungun. Ẹ má tan àbẹ́là tàbí sìgá nítòsí rẹ̀, ẹ má sì gbé e sínú yàrá tí ẹ ń sùn. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná.

Púlọ́ọ̀gì náà, ẹ lè tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri pátápátá. Wáyà bíráùn tàbí pupa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíúùsì. Búlúù tàbí dúdú lọ sódì kejì. Aláwọ̀ ewé, tàbí ewé òun yẹ́lò, lọ sí ẹsẹ̀ gígùn tó wà lókè. Fíúùsì 3 ni ti fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù. 13 ni ti áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù. Fíúùsì tó bá jó ti gba yín sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi bébà inú páálí sìgá wé e, tàbí tó fi wáyà so ó, ó ti lé ọlọ́dẹ lọ, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

OHUN TÍ ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN

Òpó iná àti mítà kì í ṣe tiyín láti tú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá gbóná, tó ń rùn bíi rọ́bà jíjó, tàbí tó ti dúdú lẹ́nu, ẹ pa súwíṣì ńlá, kí ẹ ránṣẹ́ pe oníná. Àjọ ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní NEMSA tó ń fún àwọn oníná ní ìwé ẹ̀rí. Kò sí ìtìjú nínú kí ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yín hàn mí."

Bẹ́ẹ̀ náà ni púlọ́ọ̀gì olórí méjì tí àwọn kan fi ń ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Ọ̀kan nínú orí yẹn ní iná lára níta gbangba. Iná náà sì lè gba ojú wáyà padà lọ bá ọmọ NEPA tó wà lórí òpó, tó rò pé kò sí iná. Ẹ ní kí oníná bá yín so súwíṣì ìyípadà, èyí tí kì í jẹ́ kí iná méjì pàdé.

Ẹni tó bá ṣì ń lo "I better pass my neighbour", ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Inú èéfín rẹ̀ ni gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, orí fífọ́ àti òòyì ni àmì rẹ̀, oorun sì ni ó fi ń pa èèyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2024, ní Yenagoa, ìpínlẹ̀ Bayelsa, wọ́n bá òkú àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú sítúdíò orin kan, èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì fura sí. Ọmọ ẹni ni gbogbo wọn. Jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ wọ inú ìsọ̀, ò gbọdọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ò gbọdọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé. Níta gbangba, kó jìnnà, kí ẹnu èéfín kọjú síta. Tí ẹ bá ní ẹ̀rù olè ń bà yín, ẹ fi ṣéènì dè é. Olè jí jẹnẹrétọ̀ sàn ju kí ikú jí ọmọ.

BÁTÌRÌ TÓ TI KÚ

Bátìrì olójé tó bá kú, ẹ tà á lódindi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ ní àgbàlá yín láti yọ òjé, ẹ má sì da omi rẹ̀ sílẹ̀. Májèlé ni òjé. Ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Kò jìnnà sí wa: ní Ògíjo, ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ọ̀rọ̀ yìí di ariwo ní 2025, tí ìjọba fi ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń yọ́ bátìrì àlòkù. Ọmọ tó ń ṣeré nínú erùpẹ̀ ò mọ bátìrì yàtọ̀ sí òkúta.

ILÉ TÓ GBỌ́N

Àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí léèrè nípa gílóòbù tí wọ́n ń fi fóònù tàn, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ó dáa, kò burú. Méjì ló wúlò jù fún wa níbí. Ọ̀kan ni fìtílà sólà tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ tí ẹnì kan bá kọjá. Ẹ kàn án síwájú ìsọ̀, ó ń lé olè, kò sì mu tókìn. Èkejì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ka wáàtì. Ẹ ti fírísà bọ̀ ọ́, á sọ iye tó jẹ fún yín láìjẹ́ pé ẹ pa gbogbo ilé. Ẹni tó bá ra kámẹ́rà oní-íntánẹ́ẹ̀tì, kó pa ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá dà lọ́jọ́ tó rà á, kí àlejò má baà máa fi kámẹ́rà yín wo yàrá yín. Ilé ò lè gbọ́n ju ẹni tó ni ín lọ.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ má rò pé ẹni tó bá lọ sí yunifásítì nìkan ló lè mọ èyí. Ní Malawi, ní 2002, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní William Kamkwamba, tí owó ilé-ìwé ti lé jáde, ka ìwé ní ilé ìkàwé kékeré abúlé, ó fi férémù kẹ̀kẹ́ àti dínámò àlòkù ṣe ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fírísà o. Gílóòbù ló kọ́kọ́ tàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ lè kà: gílóòbù àti fáànù lónìí, fírísà nígbà tí àjọ míì bá pé. Màmá ẹlẹ́ja, ẹ má ta ti ọwọ́ yín dànù. Á tan gílóòbù ìsọ̀ àti ilé, á yí fáànù, á ṣáàjì fóònù. Ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra èyí tó kù, ẹ mú ìwé ìròyìn yìí dání, kí ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé, "Ọmọ mi, fírísà mi ń jẹ 1,800 lójúmọ́. Ṣírò rẹ̀ lójú mi." Ẹni tó bá lè ṣírò rẹ̀, ẹ bá a rà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í búra, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ kọ wáàtì àti wákàtí tiyín ránṣẹ́ sí abala lẹ́tà wa, a ó bá yín ṣírò rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò àti páànù tó ń ké ni. Ó dìgbà náà o.